Ìjẹmọ̀: Ìlú Olúwo Tó Di Wọ́ọ̀dù Kan

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́ọ̀dù tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta. Aké nìkan kó mẹ́ta nínú wọn. Ìbarà mú méjì, wọ́n sì ya méjì sọ́tọ̀ fún Ṣódẹkẹ́ pẹ̀lú Sàlẹ̀-Ìjẹun. Àwọn ìlú mìíràn, ńṣe ni wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́ méjì mọ́ èèkàn kan: Kéesì pẹ̀lú Ẹ̀mẹ̀rẹ̀, Ìmọ̀ pẹ̀lú Ìsábọ̀, Ìgbórè pẹ̀lú Àgọ́-Ọba. Ìjẹmọ̀ ní tirẹ̀ dá wà, wọ́ọ̀dù kan gédégbé, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Kańsẹ́lọ̀ kan ló ń lọ jókòó fún un ní káńsù tó wà ní Aké. Bó bá di ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹkùn méjì ni Gúúsù Abẹ́òkúta pín sí, Ìjẹmọ̀ sì wà nínú ọ̀kan lára wọn. Bó bá di Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, gbogbo wọ́ọ̀dù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á para pọ̀ yan ẹnì kan ṣoṣo. Tó bá wá kan sẹ́nétọ̀, Ìjẹmọ̀ di ara Àárín Gbùngbùn Ògùn, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Àríwá Abẹ́òkúta, Gúúsù Abẹ́òkúta, Ewékorò, Ìfọ̀, Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Odédá.

Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Ẹ̀gbá tó kọ́lé sí Adátán tàbí Ọbáńtokò pé ọmọ ibo ni. Kò ní dárúkọ wọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ sára káàdì ìdìbò rẹ̀. Ìjẹmọ̀ ni yóò sọ, bó bá jẹ́ pé ọmọ ibẹ̀ ni baba rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sùn ní Ìjẹmọ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ààlà méjì ni Ìjẹmọ̀ ní. Ọ̀kan wà lórí ilẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló fà á. Èkejì wà nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi okùn wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí Ìjẹmọ̀ láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ìjà tó wà láàárín ààlà méjèèjì yìí ló fà á.

Kí ogun tó tú wọn, inú igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n wà, láàárín ibi tí Ìbàdàn wà lónìí àti odò Ògùn. Ìlú kéékèèké ni wọ́n, wọ́n pọ̀ lọ súà, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọba lórí gbogbo wọn. Ẹ̀gbá Agbẹ́yìn ń wo ojú Aláké, Ẹ̀gbá Gbágùrá ń wo ojú Àgúrà, Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà ń wo ojú Òṣilẹ̀. Wíwo ojú ni mo pè é, nítorí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń dá ẹjọ́ ara rẹ̀, tó ń jagun ara rẹ̀, tó sì ń fi olóyè tirẹ̀ jẹ. Abẹ́ Ẹ̀gbá Agbẹ́yìn ni Ìjẹmọ̀ wà, òun pẹ̀lú Aké, Kẹ́mta, Ìpòrò, Ìjẹun, Ìtòkò, Ìgbórè àti àwọn mìíràn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń fi ajẹ́lẹ̀ jẹ gàba lé wọn lórí, ọgbọ́n àárò ni Lísàbí, akíkanjú ọmọ Ẹ̀gbá, lò láti kó ìlú wọ̀nyí pọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń bá ara wọn ro oko lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ẹgbẹ́ aroko fi di ẹgbẹ́ ogun. Ẹ ò rí i pé kò pè wọ́n kí wọ́n wá di ìlú kan. Kí wọ́n wá ran ara wọn lọ́wọ́ ni, kí oníkálùkù sì padà sílé rẹ̀. Ìwà yẹn ò tíì kúrò lára Ẹ̀gbá títí di òní.

Ogun tó fọ́ Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló wá fọ́ igbó Ẹ̀gbá náà. Àwọn tó kù sá lọ sí Ìbàdàn, tó jẹ́ ìlú Gbágùrá tẹ́lẹ̀, wọ́n sì bá àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú gbébẹ̀ pẹ̀lú ìfura. Nígbà tí ara kò rọ̀ wọ́n mọ́, Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó wọn jáde, wọ́n sì dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ní 1830. Àwọn Òwu dé bá wọn ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ohun tó yẹ kéèyàn ṣàkíyèsí nínú ìtẹ̀dó yìí ni pé wọn kò dà pọ̀. Ẹni tó sá ogun wá láti Ìjẹmọ̀ wá ará Ìjẹmọ̀ rí, wọ́n jọ gba ilẹ̀ lójú kan, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Ìjẹmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Kẹ́mta ṣe, bẹ́ẹ̀ ni Ìtòkò ṣe, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe. Ìlú tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wá wà láàárín odi kan ṣoṣo. Odi amọ̀ yẹn, tí wọ́n fi dá ogun Dahomey dúró ní oṣù kẹta 1851 àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1864, ni ààlà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ mọ. Láàárín ìlú sí ìlú, àpáta ni, tàbí odò kékeré, tàbí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ là. Àlejò tó bá ń bọ̀ láti Aké sí Ìjẹmọ̀ kò ní mọ ìgbà tó kọjá láti ibì kan sí ìkejì. Onílé mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní Ògbóni tirẹ̀, Olúwo ni olórí wọn. Ó ní Ológun tó ń darí ogun, ó ní Pàràkòyí tó ń rí sí ọjà àti òwò, ó sì ní àwọn ọlọ́dẹ. Bí ọ̀rọ̀ ńlá bá délẹ̀, àwọn Olúwo láti ìlú oríṣiríṣi á pàdé, ẹni kọ̀ọ̀kan á sì sọ èrò ìlú tó rán an. Mo ka èyí sí ilé aṣòfin. Kì í ṣe ìdìbò ni wọ́n fi yàn wọ́n, àwọn obìnrin ò sì pọ̀ níbẹ̀, n kò ní bò ó. Àmọ́ ìlú tó bá rán Olúwo níṣẹ́ mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ wọ́n, ó sì ń sùn láàárín wọn. Bó bá sọ ohun tí ìlú kò rán an, kí ilẹ̀ tó ṣú ni yóò gbọ́ ọ.

Nígbà tí àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé láti Sierra Leone, láti nǹkan bí 1839 síwájú, ìlú baba wọn ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú láti kékeré, tó ti di oníkóòtù àti onígbàgbọ́, yóò dé Abẹ́òkúta, yóò ní òun ń wá àwọn ará Ìgbórè tàbí ará Ìjẹmọ̀. Igbó tí wọ́n ti kó o lọ ti di ahoro, ṣùgbọ́n ìlú náà wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Orúkọ ìlú kan lè la òkun já kó sì tún padà.

Oko tún mú kí ààlà yìí gbòòrò sí i. Inú odi ni ilé wà, ẹ̀yìn odi ni iṣẹ́ wà. Bí ọkàn ti ń balẹ̀ lẹ́yìn ogun, àwọn ìdílé láti ìlú kọ̀ọ̀kan jáde lọ tẹ abúlé dó lọ́nà Odédá, lọ́nà Ọbáfẹ́mi, lọ́nà Owódé, lọ́nà Ìfọ̀. Ará abúlé ní ilé ní ìgboro, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin òkú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ oyè. Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n kó pọ̀ fún sẹ́nétọ̀ kan lónìí sún mọ́ bí ìgbé ayé ará Abẹ́òkúta ṣe rí gan-an. Bí mo bá ní kí n sọ òtítọ́, ẹkùn sẹ́nétọ̀ yìí bá ìtàn mu ju wọ́ọ̀dù lọ. Wọ́ọ̀dù ka ẹni tó ń sùn ní Ìjẹmọ̀, ó sì fi ẹni tí Ìjẹmọ̀ bí sílẹ̀ sí Odédá.

Ọdún 1854 ni wọ́n tó fi Òkúkẹ̀nù jẹ Aláké, ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti délẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti fi hàn pé ìlú yìí lè wà láìsí ọba kan lókè gbogbo wọn. Lẹ́yìn tó wàjà ní 1862, ọdún méje kọjá kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn jẹ. Àwọn òyìnbó tó ń bá Ẹ̀gbá ṣòwò kò fẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ni wọ́n ń wá, ẹni tí wọ́n lè bá tọwọ́ bọ̀wé.

Ní oṣù kìíní 1893, Carter, Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, àti Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ àdéhùn kan. Ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dá lé. Bí Ẹ̀gbá kò bá ti di ọ̀nà òwò pa, Gẹ̀ẹ́sì kò ní fọwọ́ kan òmìnira wọn. Ní 1898, wọ́n dá ìjọba tí wọ́n ń pè ní Egba United Government sílẹ̀, Aláké ni alága, àwọn ọba yòókù àti àwọn olóyè wà nínú ìgbìmọ̀, wọ́n sì fún àwọn onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí náà láyè. Ọdún yẹn gan-an ni Gbádébọ̀ Kìíní gorí ìtẹ́. Ìjọba náà ní akọ̀wé, ní ilé ẹjọ́, ní ọlọ́pàá, ní owó ibodè. Rélùwéè dé Abẹ́òkúta kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí. Àwọn ará Èkó ń yangàn pé Ẹ̀gbá ń ṣe ìjọba ara wọn bí ìlú òyìnbó, ní 1904 sì ni Aláké rin ìrìn àjò dé London.

Ẹni tó di akọ̀wé ìjọba náà ni Adégbóyèga Ẹdun, tí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ Jacob Henryson Samuel, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì àti olùkọ́. Ọlọ́pọlọ ni, ó sì mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí agbára ọ́fíìsì rẹ̀ ti ń gòkè ni agbára àwọn Olúwo ń lọ sílẹ̀. Àṣẹ tó ti ẹnu Ògbóni jáde tẹ́lẹ̀ ti ń ti ọ́fíìsì jáde, lórí ìwé, pẹ̀lú ọlọ́pàá lẹ́yìn. Owó iṣẹ́ omi tí ìjọba Ẹ̀gbá yá wà lọ́rùn wọn. Ìjọba fẹ́ ọ̀nà tó dára, ó fẹ́ ìmọ́tótó, ó sì fẹ́ kí ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn ṣe é láìgbowó. Ohun tí ìjọba ń béèrè kò burú. Bó ṣe ń béèrè ló burú.

Ní 1914 ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀ ní Ìjẹmọ̀. Ṣóbìyí Pọ́nládé, àgbàlagbà kan tó gbajúmọ̀ níbẹ̀, bá ìjọba fà á lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ojú ọ̀nà yìí. Wọ́n mú un, wọ́n tì í mọ́lé, ó sì kú sí àtìmọ́lé. Ìjẹmọ̀ dìde. Wọn kò gbé ìbọn lọ ba Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì kọ Aláké lọ́ba. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí wọ́n yọ Ẹdun, kí wọ́n sì sọ fún wọn bí bàbá àgbà ṣe kú. Ìlú mìíràn ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí wọn. Ẹ̀rù ba ìjọba Ẹ̀gbá, Kọmíṣọ́nnà Gẹ̀ẹ́sì, P. V. Young, sì pe àwọn sójà.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ 1914 ni. Ogun Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì kò tíì pé ọjọ́ márùn-ún. Àwọn sójà wọ Ìjẹmọ̀, wọ́n yìnbọn. Olúwo Ìjẹmọ̀ wà lára àwọn tó kú, àwọn olóyè kan kú pẹ̀lú rẹ̀, iye gbogbo òkú sì lé ní ọgbọ̀n. Wọ́n ba ilé jẹ́, wọ́n sì kó ẹrù. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan pe èyí ní rògbòdìyàn, ìwé ìjọba ìgbà náà sì fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpakúpa ni. Ìlú tí wọ́n pa Olúwo rẹ̀ pẹ̀lú àwọn olóyè rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n gé.

Ohun tó tẹ̀ lé e yá kánkán. Ìjọba Ẹ̀gbá ti fi hàn pé kò lè dá dúró láìsí ìbọn òyìnbó, Lugard, gómìnà àgbà Gẹ̀ẹ́sì, sì ti so Nàìjíríà pọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún yẹn, kò fẹ́ ìjọba kankan tó dá wà láàárín rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án 1914, Aláké Gbádébọ̀ fọwọ́ sí ìwé tó fagi lé àdéhùn 1893. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tíì pé láti ìgbà tí wọ́n yìnbọn ní Ìjẹmọ̀. Iṣẹ́ ojú ọ̀nà ló dá ìjà sílẹ̀, àdéhùn tí wọ́n kọ torí ọ̀nà ló sì bá a lọ. Àwọn kan di gbogbo ẹ̀bi ru Ẹdun. Ó ní ẹ̀bi, lóòótọ́. Àmọ́ Lugard ti ń wá àyè yẹn tipẹ́, bí kò bá rí i ní Ìjẹmọ̀, yóò rí i ní ibòmíràn.

Láti ìgbà náà, Ẹ̀gbá di ẹ̀ka kan lábẹ́ ìjọba Nàìjíríà. Aláké àti òyìnbó ni wọ́n ń pàṣẹ, àwọn olóyè ìlú di ẹni tí a ń rán níṣẹ́. Ní 1918, nígbà tí owó orí wọlé, ogun Adúbí bẹ́, wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n pa Òṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ẹdun tó kúrò ní ipò, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Ìjẹmọ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, gbé ọ̀rọ̀ kan náà dìde lọ́nà tiwọn: ta ni ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń san owó orí? Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ ní 1948, kò sì padà títí di òpin 1950. Lójú tèmi, ìlà kan náà ló lọ láti ẹnu Olúwo Ìjẹmọ̀ dé ẹnu àwọn obìnrin wọ̀nyẹn.

Aṣòfin gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí wọlé díẹ̀díẹ̀. Òfin Clifford ti 1922 fún Èkó àti Calabar láyè láti dìbò. Ẹ̀gbá kò rí ìyẹn gbà: ẹnì kan ni gómìnà ń yàn láti lọ jókòó fún gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní Èkó. Ẹnì kan, fún ìlú tó lé ní ọgọ́rùn-ún! Ìdìbò gbòòrò dé ní àwọn ọdún 1950. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976, Abẹ́òkúta di olú ìlú rẹ̀, ní 1991 sì ni wọ́n la Abẹ́òkúta sí méjì, Àríwá gbé ìjókòó rẹ̀ sí Akọ́mọjẹ́, Gúúsù jókòó sí Aké. Ìlà yẹn kò ka Agbẹ́yìn, Òkè-Ọnà, Gbágùrá tàbí Òwu sí, ó kàn gba àárín ìgboro kọjá ni. Nínú ìkànìyàn 2006, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba àti àádọ́ta ènìyàn ó lé díẹ̀ ni wọ́n kà ní Gúúsù, lórí ilẹ̀ tí kò ju nǹkan bí kìlómítà mọ́kànléláàádọ́rin níbùú lóròó. Ibi tó há ni.

Ẹkùn tí Ìjẹmọ̀ wà nínú rẹ̀ kò jẹ́ aláìlẹ́nu ní Àbújá. Dìméjì Bánkọ́lé tó ṣojú Gúúsù Abẹ́òkúta láti 2003 di Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní oṣù kọkànlá 2007, kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Ní ti sẹ́nétọ̀, Fẹ́mi Òkúrounmú ló kọ́kọ́ lọ ní 1999. Ìbíkúnlé Amósùn tẹ̀ lé e. Ìyábọ̀ Ọbásanjọ́-Bello ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Gbénga Ọbadára àti Lánre Tẹ́júoṣó. Amósùn tún padà ní 2019 lẹ́yìn tó ti ṣe gómìnà, ní 2023 sì ni Shuaib Salisu gba ipò náà. Ẹ wo ohun kan: kò sí ẹni tó lo ọdún mẹ́jọ tẹ̀ léra níbẹ̀ láti 1999. Ẹkùn yìí máa ń tètè sú olóṣèlú, tàbí kí olóṣèlú tètè sú u. Ẹ̀gbá kì í jẹ́ kí ẹnì kan jókòó pẹ́ jù.

Ìjẹmọ̀ tòní jẹ́ agbo ilé onípáànù tó ti dípẹtà, ilé àwọn Sàró tó ṣẹ́kù díẹ̀, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì, ọ̀kadà àti mọ́ngòrò lásìkò. Lọ́jọ́ Orò, àwọn obìnrin á wọlé. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ láti Èkó àti Ìbàdàn á dí ọ̀nà nítorí ìnáwó, làáfún àti ewédú á sì jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó lọ́jọ́ Sátidé kò forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀. Olóṣèlú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ èyí. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó wà ní ibùdó ìdìbò nìkan ló ń pinnu ìbò Ìjẹmọ̀. Baálé tó wà ní Lékkí ní Èkó lè fi fóònù kan yí gbogbo agbo ilé padà. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ lọ kí àwọn olóyè kí wọ́n tó gbé àsíá ẹgbẹ́ jáde. Àwọn ọ̀dọ́ kan sọ pé èyí ò bá ìjọba àwa-ara-wa mu. Bóyá. Àmọ́ ohun tí Ẹ̀gbá ń ṣe láti inú igbó ni: kí a kọ́kọ́ bi ìlú, kí ìlú bi ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá tọrọ ìbò ní wọ́ọ̀dù yìí, yálà ipò kańsẹ́lọ̀ tàbí ti Àbújá lẹ ń wá, ẹ má fi báàgì ìrẹsì nìkan wá. Ẹ gbé àbá wá sí káńsù ní Aké àti sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Gúúsù Abẹ́òkúta ní ìtàn ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ 1914, kí wọ́n sì wá orúkọ àwọn tó kú lọ́jọ́ náà, Olúwo àti àwọn tí kò joyè, kí wọ́n kọ ọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Ẹ̀yin ará Ìjẹmọ̀ nílé lóko, ẹ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tẹ̀ka.